Bí ẹ ṣe máa so páńẹ́lì sólà mọ́ òrùlé yín tí ilé ò fi ní jò, tí ìjì ò sì ní ká a lọ

Ìbéèrè kan náà ló ń bá mi láti Lagere dé Parakin ní Ifẹ̀, títí kan àwọn ará Iléṣà tó ń pè mí: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òrùlé mi á lè gbé sólà?" Ẹni tí ò bá béèrè ìyẹn á ní ṣé ilé ò ní máa jò tí wọ́n bá ti lu páànù. Ó ti tó kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè máa fi ránṣẹ́ sí èèyàn, torí àlàyé orí fóònù kì í tó.

Kí n kọ́kọ́ dáhùn tààrà. Igi ni ẹ máa so sólà mọ́, kì í ṣe páànù. Páànù ò gbé nǹkan kan ró, òjò ló ń lé. Tí bóòtù yín bá wọ inú igi tó le, tí rọ́bà sì dí ihò ẹ̀ pa, ilé ò ní jò, ìjì ò sì ní rí i gbé. Àmọ́ tó bá jẹ́ páànù nìkan ni wọ́n dè é mọ́, ìjì oṣù Kẹta sí ìkẹrin, èyí tó máa ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ yẹn, á kàn ṣí i, páànù àti sólà papọ̀.

Tí ẹ ò bá gun òrùlé rí, ẹ má torí àtidín owó iṣẹ́ kù gùn ún. Ẹ ka èyí kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ máa béèrè, kí ẹ sì lè dúró ti àwọn tó ń ṣe é, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ wáyà dáadáa, àmọ́ wọn ò mọ òrùlé.

Ẹ kọ́kọ́ wọ òkè àjà

Kí ẹ tó san owó páńẹ́lì, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ ṣí ibi kan nínú àjà, kí ẹ wọlé lọ wo igi òrùlé. Orí igi ni kí ẹ máa tẹ̀ o, ẹ má tẹ sílíìnì, ẹ máa já bọ́ sí pálọ̀. Tí ẹ bá lè mú káfíńtà tó mọ òrùlé dání, ó dáa ju kí ẹ mú oníwáyà lọ. Ohun tí ẹ ń wò nìyí:

- Ikán. Ẹ máa rí ilà erùpẹ̀ tó gba ara ògiri gun igi. Ẹ kàn án pẹ̀lú òòlù, tó bá ń dún kókó bí ohun tó ṣófo, wọ́n ti jẹ inú ẹ̀ tán.
- Igi tó ti rà. Ẹ fi síkúrúdíráfà gún un. Tó bá wọlé bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ iṣu sísè, igi yẹn ò gbé nǹkan kan mọ́.
- Àmì omi. Ibi tó bá dúdú, òjò ti ń gba ibẹ̀ wọlé tẹ́lẹ̀. Ẹ dí i kí sólà tó dé, torí tó bá ti bò ó, ẹ ò ní rọ́wọ́ débẹ̀ mọ́.
- Bí pọ́lìn ṣe jìnnà síra. Pọ́lìn ni àwọn igi tó dùbúlẹ̀ tí wọ́n kan páànù mọ́, ráfítà ni àwọn tó dàgẹ̀rẹ̀ lábẹ́ wọn. Ẹ wọn ọ̀nà tó wà láàrin wọn, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.
- Ibi tí igi òrùlé ti jókòó lórí ògiri. Ṣé wọ́n dè é mọ́ ògiri ni àbí wọ́n kàn gbé e lé e? Àwọn èèyàn kì í wo èyí rárá, bẹ́ẹ̀ òun ló ń jẹ́ kí ìjì gbé odidi òrùlé tòun ti sólà.

Nípa ìwọ̀n, páńẹ́lì 550 wátì kan tó nǹkan bíi kílò 27 sí 28, ó sì gùn ju mítà 2 lọ. Tí ẹ bá to 6, ó ti lé ní kílò 160, ẹ ò tíì ka rélì (ọ̀pá tí páńẹ́lì máa jókòó lé) àti bóòtù mọ́ ọn. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, torí ìwọ̀n yẹn máa fọ́n káàkiri, òrùlé tí igi ẹ̀ le á gbà á. Afẹ́fẹ́ tó ń gba abẹ́ páńẹ́lì wọlé tó fẹ́ fà á tu ni wàhálà tó pọ̀ jù. Ohun tó fẹ́ gbéra ni ẹ ń dè mọ́lẹ̀, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bẹ́ ẹ ṣe ń ka ìyókù.

Irú òrùlé tí ẹ ní

Long span alúmíníọ̀mù: òun ló wọ́pọ̀ ní àwọn ilé tuntun, òun ló sì rọrùn jù. Ẹ ṣáà ṣọ́ra, tó bá fẹ́lẹ́ ó máa ń tẹ̀ wọlé lábẹ́ ẹsẹ̀.

Páànù àtijọ́ tó ti dógùn-ún, irú èyí tó kún àdúgbò àwọn bàbá wa ní Ìrémọ àti Mọ̀ọ̀rè: ẹ pààrọ̀ ẹ̀ ná. Páńẹ́lì tó dáa máa ń lò tó ọdún 25. Kí lẹ fẹ́ gbé e lé orí páànù tí ọdún 3 òní ẹ ṣì máa ṣí kúrò fún? Ẹ máa san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ni. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Tí owó ò bá tó fún gbogbo ilé, ẹ pààrọ̀ apá tí sólà máa wà nìkan, tigi tìṣó.

Stone coated: ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣí ni kó ṣe é. Tí wọ́n bá fi dírílì lu ú gààràgà, òkúta orí ẹ̀ á máa ṣí, á sì dógùn-ún láti ibẹ̀.

Asbestos: rárá. Ẹ má lu ú, ẹ má fi ayùn gé e, ẹ má gun orí ẹ̀. Eruku tó ń jáde nínú ẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó tún lè fa jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Yàtọ̀ síyẹn, tó bá ti gbó, ó máa ń dédé fọ́ lábẹ́ èèyàn. Ẹ fò lọ sí apá ìsàlẹ̀ níbi tí mo ti sọ̀rọ̀ ẹni tí òrùlé ẹ̀ ò gbà á.

Dẹ́kìn (òrùlé kọnkéré tó tẹ́ pẹrẹsẹ): ẹ má lu ihò sí i tó bá jẹ́ pé ó ṣeé yẹ̀. Èyí náà wà nísàlẹ̀.

Ibo ni kó kọjú sí?

Ẹ̀yìn tó dàgẹ̀rẹ̀ sí gúúsù ló dáa jù, kọ́ńpáàsì orí fóònù máa fi hàn yín. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gúúsù dà yín láàmú. Ifẹ̀ àti Iléṣà ò jìnnà sí agbedeméjì ayé, dígírì 7 àtààbọ̀ péré ni, orí wa gan-an ni oòrùn ń gbà kọjá. Ní oṣù Kẹfà kódà ẹ̀gbẹ́ àríwá ló máa ń wà ní ọ̀sán gangan, ìgbà tó bá di oṣù Kejìlá ló máa ń tẹ̀ sí gúúsù. Nítorí náà tí òrùlé yín bá kọjú sí ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn, tí kò sì ga gògòrò, ohun tí ẹ máa pàdánù ò tó nǹkan. Dígírì 10 sí 15 tó fún un láti dàgẹ̀rẹ̀, kí òjò lè máa fọ eruku kúrò lára ẹ̀ fúnra ẹ̀. Òrùlé ilé wa míì ti ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kàn tẹ́ ẹ lé e bó ṣe wà, ẹ má tún ṣe férémù tó dúró ṣánṣán sórí ẹ̀, ìjì lẹ ń pè.

Òjìji ló yẹ kó dà yín láàmú. Òjìji igi máńgòrò tó bo igun páńẹ́lì kan lè dín iná gbogbo àwọn tí ẹ so pọ̀ mọ́ ọn kù. Ẹ wo òrùlé ní aago 9 àárọ̀, ní ọ̀sán, àti ní aago 4 ìrọ̀lẹ́. Ẹ wo táǹkì omi, máàsì, ọ̀pẹ, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ẹni tó múlé tì yín. Tẹ́ ẹ bá wò ó ní ìgbà òjò, ẹ rántí pé òjìji á gùn sí i sápá àríwá tó bá di ìgbà ọyẹ́, ohun tí ò kan òrùlé yín lónìí lè bò ó nígbà yẹn.

Ohun tí ẹ máa rà yàtọ̀ sí páńẹ́lì

Ibí yìí làwọn èèyàn ti ń fi owó pamọ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń pàdánù.

- Rélì alúmíníọ̀mù, kì í ṣe áńgù irin tí ẹ kun lọ́dà. Irin máa dógùn-ún, omi ìpẹtà á sì máa ṣàn sórí páànù yín.
- Ẹsẹ̀ rélì, èyí tó rí bíi lẹ́tà L, pẹ̀lú rọ́bà dúdú EPDM ẹ̀. Ẹ má gba táyà inú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n gé, oòrùn ò ní jẹ́ kó pẹ́.
- Síkúrù igi àti bóòtù stainless. Ìṣó kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o.
- Kíláàmpù àárín àti kíláàmpù ìparí, àwọn tó ń di páńẹ́lì mọ́ rélì, kí gíga wọn bá férémù páńẹ́lì mu.
- Sílíkọ́ọ̀nù ìta ilé, èyí tó lè fara da oòrùn.
- Wáyà sólà 4mm tàbí 6mm, pupa àti dúdú, pẹ̀lú orí MC4 (èyí tí wọ́n fi ń so wáyà páńẹ́lì pọ̀) tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan náà, akọ àti abo.
- Wáyà áàtì àti ọ̀pá áàtì (àwọn tó ń gbé iná tó ṣìnà lọ sínú ilẹ̀), bíréékà DC (DC ni irú iná tó ń ti ara páńẹ́lì jáde, AC ni ti NEPA), àti ohun tó ń gba mànàmáná sílẹ̀ fún DC.
- Sáràpù tí oòrùn ò lè jẹ láti fi de wáyà.

Kí ẹnikẹ́ni tó gun òkè

Mi ò ní yára kọjá lórí èyí. Páńẹ́lì tó fọ́, ẹ máa ra òmíràn.

Wáyà NEPA ni ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ wo wáyà tó ti orí òpó wọ ilé yín, ibo ló gbà kọjá? Tó bá rékọjá lórí ibi tí wọ́n ti fẹ́ ṣiṣẹ́, ẹ lọ bá àwọn ará IBEDC kí wọ́n wá já a kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé pé kò síná, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó lè dé nígbàkigbà. Tó bá jẹ́ waya ńlá 11kV ló gba ẹ̀gbẹ́ ilé, kò dìgbà tí rélì bá kàn án kó tó pa èèyàn, iná máa ń fò. Rélì alúmíníọ̀mù tó gùn mítà 4, tí èèyàn kan kàn fẹ́ yí i padà, ẹ mọ ibi tó lè dé. Ẹ jìnnà sí waya yẹn ju mítà 3 lọ, tí àyè ò bá sì sí, ẹ má ṣe é ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀.

Àkàbà: tí òrùlé bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 12, kí ìdí àkàbà fi ẹsẹ̀ bàtà 3 jìnnà sí ògiri. Kí orí ẹ̀ yọ kọjá etí òrùlé ní ẹsẹ̀ bàtà 3, kẹ́ ẹ rí nǹkan dì mú nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀. Ẹ dè é lókè, kí ẹnì kan dì í mú nísàlẹ̀, kí ẹni náà sì má máa tẹ fóònù.

Bẹ́líìtì àti okùn: kí wọ́n so okùn mọ́ ohun tó dúró sán-ún ní ẹ̀yìn òrùlé lọ́hùn-ún, tàbí mọ́ ráfítà. Òpó táǹkì tó ń mì kò ka ohun tó dúró. Àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń rẹ́rìn-ín tẹ́ ẹ bá mú okùn jáde, ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in tán, kí wọ́n wá wọ̀ ọ́.

Bàtà tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ jẹ́ rọ́bà tó ń di ilẹ̀ mú, sílípáàsì ò wọ orí òrùlé. Àárọ̀ ló dáa, lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ, torí tó bá di ọ̀sán páànù á ti gbóná débi pé ọwọ́ ò ní lè kàn án. Bí ojú ọ̀run bá ṣú tàbí tí ẹ gbọ́ àrá pẹ́nrẹ́n, kí gbogbo èèyàn sọ̀kalẹ̀, kódà tó bá ku bóòtù kan ṣoṣo. Èèyàn 3 ló kéré jù, 2 lókè, 1 nísàlẹ̀. Ẹ má jẹ́ káwọn ọmọdé ṣeré yí ilé ká lọ́jọ́ náà, sípánà máa ń já bọ́.

Ó yá, iṣẹ́

1. Ẹ wá igi látorí páànù. Ìlà ìṣó tí káfíńtà kàn sórí páànù ló ń fi pọ́lìn hàn yín. Orí ìlà yẹn náà ni kí ẹ máa tẹ̀, torí igi wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹ fi wé ìwọ̀n tí ẹ kọ nígbà tí ẹ wọ àjà.

2. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya ibi tí páńẹ́lì máa wà. Ẹ fi ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 30 sílẹ̀ sí etí òrùlé àti sí góńgó òkè. Etí ni afẹ́fẹ́ ti ń le jù, páńẹ́lì kankan ò gbọ́dọ̀ yọ síta kọjá páànù. Ẹ fi ọ̀nà tí èèyàn lè gbà kọjá sílẹ̀ pẹ̀lú, ẹ ṣì máa wá fọ̀ ọ́.

3. Ẹ to ẹsẹ̀ rélì. Kò gbọ́dọ̀ ju mítà 1.2 lọ láàrin ẹsẹ̀ kan sí èkejì, tó bá sì jẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ti le, bí orí òkè, ẹ fún un pọ̀ sí i. Ibi tó yọ sókè lára páànù ni ẹ máa gbé e lé, kì í ṣe kòtò ibi tí omi ń gbà ṣàn. Ihò tó wà nínú kòtò, inú omi ló wà ní gbogbo ìgbà òjò, kò sí sílíkọ́ọ̀nù tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín.

4. Ẹ kọ́kọ́ fi dírílì kékeré lu ihò, kó tín-ín-rín ju síkúrù lọ, kí igi má bàa là. Tí dírílì bá kọjá páànù tí kò bá igi pàdé, ẹ ti ṣì í. Ẹ dí ihò yẹn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má sọ pé ó di ìrọ̀lẹ́. Tó bá bá igi, ẹ fi sílíkọ́ọ̀nù sínú ihò, ẹ gbé rọ́bà lé e, ẹ gbé ẹsẹ̀ lé e, kí ẹ wá dè é. Kí síkúrù wọ inú igi tó íǹṣì kan àtààbọ̀ ó kéré tán. Ẹ dè é títí rọ́bà fi fẹ̀ díẹ̀ síta, ẹ dúró níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fún un jù, rọ́bà á ya, páànù á sì tẹ̀ wọnú, omi á wá máa dúró níbẹ̀.

5. Ẹ gbá gbogbo èérún irin tí dírílì rẹ́ sílẹ̀ kúrò. Àwọn èérún yẹn máa ń pẹtà lẹ́yìn òjò kan ṣoṣo, wọ́n á sì jẹ ọ̀dà páànù. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kẹ́ ẹ lò.

6. Ẹ gbé rélì lé e. Ẹ ta okùn láti ìparí kan sí èkejì kó lè tọ́. Apá rélì tó yọ kọjá ẹsẹ̀ tó gbẹ̀yìn ò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta àlàfo láàrin ẹsẹ̀ méjì lọ. Kí abẹ́ páńẹ́lì jìnnà sí páànù ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15. Tí afẹ́fẹ́ ò bá rọ́nà gbà lábẹ́ ẹ̀, páńẹ́lì á gbóná kọjá ààlà, bẹ́ẹ̀ tó bá ti ń kọjá 25°C, gbogbo dígírì kan ló ń gé nǹkan bí ìdá 0.3 sí 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lára iná tó yẹ kó mú wá.

7. Ẹ da omi sí i. Kí páńẹ́lì kankan tó gòkè, ẹ fa họ́ọ̀sì wá, ẹ da omi sórí gbogbo ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, kí ẹnì kan wà nínú àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹsẹ̀ tó bá kán omi, ẹ tú u, kí ẹ tún un ṣe. Èmi ò mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi ń fo èyí, òun ló ń pa gbogbo ìjà ilé jíjò rẹ́. Ẹ ya fọ́tò ihò kọ̀ọ̀kan náà kó tó bò.

8. Ẹ de wáyà mọ́ rélì báyìí, nígbà tí àyè ṣì wà. Kò gbọ́dọ̀ sí èyí tó fara kan páànù tàbí tó ń jù fìrìfìrì, torí afẹ́fẹ́ á máa fi ha etí páànù títí á fi bó.

9. Ẹ gbé páńẹ́lì gòkè. Èèyàn méjì, férémù ni kí wọ́n dì mú, kì í ṣe wáyà ẹ̀yìn ẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, ẹ dúró, páńẹ́lì fẹ̀, ó lè gbé èèyàn. Ẹ má gbé e sórí gun àkàbà, okùn ni kẹ́ ẹ fi fà á, tàbí kí ẹ fi pákó méjì ṣe ọ̀nà tó máa yọ̀ gòkè. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tẹ orí páńẹ́lì, bó ti wù kó fúyẹ́ tó. Gíláàsì lè má fọ́, àmọ́ inú ẹ̀ á sán lọ́nà tí ojú ò rí, iná á kàn máa dínkù.

10. Ẹ de kíláàmpù. Ẹ̀gbẹ́ tó gùn ni ẹ máa dè, ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ẹ̀ láti igun kọ̀ọ̀kan. Ìwé tó bá páńẹ́lì wá máa sọ ibẹ̀ àti bó ṣe yẹ kó le tó. Sípánà tó ń ka agbára ló dáa jù, torí tó bá dẹ̀ ìjì á mú un, tó bá le jù gíláàsì á fọ́.

11. Ẹ so áàtì mọ́ gbogbo rélì àti férémù kí ẹ tó so iná. Ẹ má jẹ́ kí kọ́pà lásán fara kan alúmíníọ̀mù, wọ́n máa ń jẹra wọn. Ẹ lo orí wáyà tí wọ́n ti fi tíìnì bò. Kí wáyà yìí lọ tààrà sí ọ̀pá tí ẹ rì mọ́lẹ̀, kí ẹ sì so ó pọ̀ mọ́ áàtì ínfátà. Ilẹ̀ pupa wa máa ń gbẹ kánrin nígbà ọyẹ́, nítorí náà ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 4 lè má tó, ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n, tó bá ti lé ní 5 ohms kí wọ́n rì òmíràn sí i.

Iná tó wà lórí òrùlé

Páńẹ́lì ò ní swíìṣì. Bí oòrùn bá ti yọ, iná ti wà lẹ́nu wáyà ẹ̀. Ẹyọ kan tó jẹ́ 550 wátì máa ń mú tó fólítì 50, tí ẹ bá so 6 tẹ̀lé ara wọn ó ti di 300, iná DC ni, tó bá mú èèyàn kì í tètè jù ú sílẹ̀. Ẹ wo ìwé ínfátà yín kí ẹ mọ iye fólítì tó lè gbà, kí ẹ tó pinnu iye tí ẹ máa so tẹ̀lé ara wọn, tó bá kọjá iye yẹn ínfátà ti jóná nìyẹn.

Ẹ má fa MC4 yọ nígbà tí iná ń gba inú ẹ̀ kọjá. Ẹ pa bíréékà ná. Iná DC tó bá fò láàrin ẹnu méjì kì í dédé kú, á máa jó bí ìgbà tí wẹ́dà ń jó irin ni, ibẹ̀ ni iná òrùlé ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí kan náà ni bíréékà inú ilé, èyí tó jẹ́ ti AC, ò fi wúlò níbí. Wáyà ilé lásán náà ò ṣeé lò níta, oòrùn á sán awọ ẹ̀.

Kí wáyà tó wọlé, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ kó tó ká gòkè wọ inú ihò ògiri, kí omi òjò lè máa kán sílẹ̀ níbi tó tẹ̀ yẹn dípò kó tẹ̀ lé wáyà wọ pálọ̀. Ẹ gbà á kọjá inú páìpù, kí ẹ kọ "SÓLÀ" sára páìpù náà gàgàrà kí káfíńtà ọjọ́ iwájú má lọ fi ayùn gé e.

Àṣìṣe tí mò ń rí kiri àdúgbò

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni fífi síkúrù páànù kékeré de ẹsẹ̀ rélì mọ́ páànù láìbá igi pàdé. Ó máa ń dúró dáadáa títí ìjì àkọ́kọ́ á fi dé. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe tiyín tẹ́lẹ̀, ẹ wọ inú àjà lọ wò, tẹ́ ẹ bá rí ẹnu síkúrù tó yọ sínú afẹ́fẹ́ lásán láìsí igi lára ẹ̀, ẹ pe wọ́n padà.

Àwọn míì á fi bíńdìn wáyà de páńẹ́lì. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn míì á lu ihò sára férémù páńẹ́lì kí bóòtù lè wọ̀ ọ́. Wáráńtì tí ilé iṣẹ́ fún yín ti bà jẹ́ nìyẹn, férémù náà ò sì lágbára mọ́. Àwọn kan á sì so MC4 ilé iṣẹ́ méjì pọ̀ torí pé wọ́n wọra, á máa gbóná díẹ̀díẹ̀ títí á fi yọ́.

Lọ́dún yìí mo tún ń rí àwọn tó ń fi sílíkọ́ọ̀nù bo orí síkúrù látòkè bí ẹni rẹ́ ilé láìfi rọ́bà sábẹ́. Èyí tó wà lókè yẹn, oòrùn á bó o kúrò. Ẹ̀yìn ẹ̀ lomi á wọlé.

Tí òrùlé yín ò bá gbà á

Kì í ṣe òpin ayé. Tí àyè bá wà ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ gbẹ́ ihò, ẹ fi kọnkéré rì òpó irin, kí ẹ̀gbẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3 kí ewúrẹ́ má bàa gùn ún. Ó rọrùn láti fọ̀, àmọ́ ó rọrùn fún olè náà, ẹ ra bóòtù tí sípánà lásán ò lè tú, kí ẹ sì mọ odi yí i ká.

Tó bá jẹ́ dẹ́kìn lẹ ní, férémù tí ẹ fi búlọ́ọ̀kù kọnkéré tẹ̀ mọ́lẹ̀ ló dáa jù, kò sí ihò, kò sí jíjò. Kí ẹnjiníà tó mọ ilé sọ iye tí dẹ́kìn yín lè gbé kí ẹ tó kó búlọ́ọ̀kù gòkè, pàápàá tí táǹkì omi ti wà níbẹ̀.

Orí ibùdó mọ́tò náà dáa, tí ẹ bá fi irin tó nípọn kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sólà lọ́kàn. Ayálégbé náà lè lo èyí tàbí ti ẹ̀yìnkùlé, torí ẹ máa lè tú u nígbà tẹ́ ẹ bá ń kó lọ, ẹ kàn bá onílé sọ ọ́ kó kọ ọ́ síwèé.

Lẹ́yìn tó bá ti gòkè

- Lẹ́yìn ìjì ńlá àkọ́kọ́: ẹ wọ àjà, ẹ wo omi. Ẹ dúró nísàlẹ̀, ẹ wò ó bóyá páńẹ́lì kan ti yẹ̀.
- Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀: kí ẹnì kan fi sípánà dán gbogbo bóòtù wò, kó wo wáyà bóyá eku ti jẹ ẹ́.
- Nígbà ọyẹ́: omi lásán àti máọ̀pù rírọ̀ tó ní igi gígùn, ní àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́. Ẹ má da omi tútù sórí gíláàsì tó gbóná lọ́sàn-án, ó lè sán. Ọṣẹ tó ní yanrìn kò sí níbẹ̀.
- Tí páńẹ́lì bá fọ́: ẹ má fọwọ́ kàn án, pàápàá tí omi bá wà lára ẹ̀. Ẹ pa bíréékà, ẹ pe ẹni tó ṣe é.